Bí a ṣe ń ná tírọ́m̀pù nínú Whist: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ta káàdì ní méjì-méjì ní Àkúrẹ́

Ẹni tó mọ Whot ta ní Àkúrẹ́ pọ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Dé Ìjàpọ̀, dé Ìsìnkàn, tàbí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí FUTA ká lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí iná, wàá gbọ́ "Jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì!" lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ìmọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nígbà tí wọ́n bá jókòó sídìí Whist, eré káàdì tí ènìyàn mẹ́rin ń ta ní méjì-méjì, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wo 20 ni wọ́n fi ń wo tírọ́m̀pù, irú káàdì tó ń borí gbogbo irú yòókù. Wọ́n á dì í mú pinpin títí nǹkan á fi le, tàbí kí wọ́n jù ú sílẹ̀ ní kété tí àyè bá yọ.

20 inú Whot ń lọ lórí ohunkóhun, yálà o ní irú káàdì tó wà nílẹ̀ tàbí o kò ní. Tírọ́m̀pù kò rí bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ní irú káàdì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òun ni o gbọ́dọ̀ já. Nínú Whot, kálukú ló ń wá bí káàdì ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe tán. Nínú Whist, ẹnì kan jókòó tó dojú kọ ọ́, èrè rẹ̀ ni èrè rẹ, àdánù rẹ̀ ni àdánù rẹ. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ kí a tó lọ jìnnà nìyí: tírọ́m̀pù ọwọ́ rẹ àti ti ọwọ́ ẹnìkejì rẹ, inú àpò kan náà ni wọ́n wà. Kí o tó ná ọ̀kan, bi ara rẹ ohun tó máa rà fún ẹ̀yin méjèèjì.

Òfin eré náà, ní kúkúrú

Ènìyàn mẹ́rin, káàdì 52. Yọ Jókà kúrò. Irú káàdì mẹ́rin ló wà: Sípéèdì, Háàtì, Dáyámọ́ńdì àti Kílọ́bù, mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Éèsì (A) ló ga jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kíńgì (K), Kúíìnì (Q), Jáàkì (J), 10, títí dé 2. Àwọn méjì tó dojú kọ ara wọn ni ẹgbẹ́ kan. Olùpín á pín káàdì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì rẹ̀ títí tí kálukú á fi ní 13. Káàdì tó kẹ́yìn, tó jẹ́ ti olùpín fúnra rẹ̀, ni yóò ṣí sílẹ̀ kí gbogbo ojú rí i. Irú tí káàdì náà bá jẹ́ ni tírọ́m̀pù fún eré yẹn.

Ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì olùpín ló máa kọ́kọ́ já káàdì. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e pẹ̀lú irú kan náà bí wọ́n bá ní in. Ẹni tí kò bá ní lè fi tírọ́m̀pù gé e, ó sì lè da káàdì mìíràn nù. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá tóbi jù nínú irú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tàbí nínú tírọ́m̀pù bí ẹnì kan bá fi gé, ló máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkó kan. Òun náà ló máa ṣíwájú lẹ́yìn náà. Ìkó mẹ́tàlá ló wà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan bá kó kò ní máàkì. Láti ìkeje lọ, máàkì kan fún ìkó kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń ta á dé 5, àwọn mìíràn dé 7. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó pín káàdì.

Bí o bá ń ta Spades lórí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí máa wúlò fún ọ. Sípéèdì ni tírọ́m̀pù níbẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ òfin wọn kò sábà jẹ́ kí o fi Sípéèdì ṣíwájú títí ẹnì kan á fi kọ́kọ́ fi gé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ka ọwọ́ rẹ kí o tó já ohunkóhun

Tírọ́m̀pù 13 láàrin ènìyàn mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí tìrẹ bá jẹ́ márùn-ún, o lọ́rọ̀. Mẹ́rin dára. Méjì tàbí ẹyọ kan, iṣẹ́ tìrẹ yàtọ̀ pátápátá, mo sì máa dé ibẹ̀.

Wo káàdì tí olùpín ṣí sílẹ̀, kí o sì fi sọ́kàn, nítorí ó máa kó o padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Kúíìnì, o ti mọ ibi tí Kúíìnì wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ìròyìn yìí fún ọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbàgbé rẹ̀ kí ìkó kẹta tó kọjá.

Lẹ́yìn náà, wá ohun méjì: irú káàdì wo ni mo ti ní àwọn ńlá tó lè kó ìkó fúnra wọn, irú wo ni n kò sì ní ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ? Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá kí o fa tírọ́m̀pù àwọn alátakò jáde, ìyẹn ni pé kí o máa fi tírọ́m̀pù ṣíwájú títí tiwọn á fi tán. Ìdáhùn ìkejì ló máa sọ bóyá kí o máa gé.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí tírọ́m̀pù rẹ bá pọ̀, fà á jáde lọ́wọ́ wọn

Wo ọwọ́ yìí dáadáa. Háàtì ni tírọ́m̀pù, ìwọ lo sì máa kọ́kọ́ já káàdì.

Háàtì: A K 9 7 4
Kílọ́bù: A K Q 5
Dáyámọ́ńdì: 8 3
Sípéèdì: 6 2

Ọwọ́ máa ń yún ènìyàn láti já Éèsì Kílọ́bù, kó fi Kíńgì tẹ̀ lé e, kó sì fi Kúíìnì ṣe ẹ̀kẹta. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílọ́bù mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ, mẹ́sàn-án tó kù wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Kí Kúíìnì rẹ tó lè kọjá láìséwu nígbà kẹta, àwọn alátakò méjèèjì gbọ́dọ̀ ní Kílọ́bù mẹ́ta, ó kéré tán. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ méjì péré á fi Háàtì 2 gé Kúíìnì rẹ, ìkó tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ á sì lọ fún káàdì tó kéré jù nínú tírọ́m̀pù.

Háàtì ni kí o fi ṣíwájú. Kì í ṣe Éèsì o: 7 ni kí o já. Bí o bá já Éèsì àti Kíńgì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ìyípo kẹta kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ mọ́. Ẹni tó bá ní Kúíìnì ló máa kó o, òun ló sì máa yan ohun tí gbogbo yín máa já lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi 7 bẹ̀rẹ̀, àyè wà fún ẹnìkejì rẹ láti fi Kúíìnì tàbí Jáàkì kó ìkó náà. Bí àwọn alátakò ló bá tilẹ̀ kó o, Éèsì àti Kíńgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ fún ìyípo méjì mìíràn. Tírọ́m̀pù mẹ́jọ ló wà níta. Bí wọ́n bá pín sí 3, 3 àti 2, ìyípo mẹ́ta ti kó gbogbo wọn tán. 9 àti 4 ọwọ́ rẹ nìkan ni tírọ́m̀pù tó kù láyé. Kà á báyìí: Éèsì àti Kíńgì Háàtì, méjì, 9 àti 4, mẹ́rin, Kílọ́bù mẹ́ta, méje. Ọwọ́ rẹ nìkan ti kó méje, a kò tíì ka ti ẹnìkejì rẹ mọ́ ọn.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi jẹ́ 7. Òun ni káàdì kẹrin bí o bá kà á láti òkè: Éèsì, Kíńgì, 9, 7. Àwọn tó ń ta Whist ti ń fi káàdì kẹrin ṣíwájú tipẹ́, nítorí ó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkejì rẹ bá mọ àṣà yìí, á yọ 7 kúrò nínú 11, á kù 4. Ìyẹn ni iye káàdì tó ju 7 lọ tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó já a. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn náà ni Kúíìnì, Jáàkì, 10 àti 8. Bí Jáàkì àti 8 bá wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé méjì péré tó ju 7 lọ ló wà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Kò sẹ́ni tó lanu, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti kọjá.

Mọ ìgbà tí kò yẹ kí o fà á pẹ̀lú. Ìyípo kọ̀ọ̀kan lè gba méjì lọ́wọ́ àwọn alátakò, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ náà. Bí ẹnìkejì rẹ bá ń rí ohun gé, tí tírọ́m̀pù kékeré rẹ̀ ń mú ìkó wá, o ń fi ọwọ́ ara rẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí o kò bá ní Éèsì tàbí Kíńgì kankan níta tírọ́m̀pù. Kí lo fẹ́ dáàbò bò tí o fi ń lé tírọ́m̀pù àwọn ènìyàn kiri?

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Wọ́n rò pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé ẹni tó bá ń ta ayò dáadáa, tó ń ka ọmọ ayò inú ihò alátakò rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, ti mọ ohun tó le ju èyí lọ.

Má ka gbogbo káàdì 52. Tírọ́m̀pù nìkan ni kí o kà ní oṣù àkọ́kọ́. Má sì ka èyí tó ti jáde. Ka èyí tó ṣì wà níta. Bí tìrẹ bá jẹ́ márùn-ún, mẹ́jọ ló wà níta. Ìyípo àkọ́kọ́, gbogbo wọn tẹ̀ lé e: mẹ́ta lọ, ó ku márùn-ún. Ìyípo kejì, ẹnì kan da Dáyámọ́ńdì nù: méjì péré ló lọ, ó ku mẹ́ta, o sì ti mọ̀ pé àwọn méjì yòókù ló jọ ní mẹ́ta náà. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá fi tírọ́m̀pù gé, yọ ọ̀kan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lo ń gbé lọ́kàn, kì í ṣe mẹ́rin.

Bí ó bá ti mọ́ ọ lára, fi àwọn ńlá kún un: Éèsì ti lọ, Kíńgì ti lọ, Kúíìnì wà lọ́dọ̀ olùpín.

Kò burú kí o mọ bí káàdì ṣe sábà máa ń pín pẹ̀lú. Ká sọ pé ó ti hàn sí ọ pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ní tírọ́m̀pù mẹ́jọ. Márùn-ún ló wà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Nínú ìgbà 100, bí ìgbà 68 ló máa ń pín sí 3 àti 2. Bí ìgbà 28, 4 àti 1. Bí ìgbà 4, gbogbo rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà ìyípo mẹ́ta ló sábà máa ń tó. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ wọn, má rò pé méjì-méjì ló máa jẹ́. 3 àti 1 ló pọ̀ jù, bí ìgbà 50 nínú 100. 2 àti 2 jẹ́ bí ìgbà 40. Mẹ́fà náà bẹ́ẹ̀: 4 àti 2 jẹ́ bí ìgbà 48, nígbà tí 3 àti 3 jẹ́ bí ìgbà 36. Fi èyí sọ́kàn: bí iye tó wà lọ́dọ̀ wọn bá jẹ́ 4 tàbí 6, múra sílẹ̀ fún pípín tí kò dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọwọ́ tí tírọ́m̀pù rẹ̀ kéré ló yẹ kó máa gé

Ọ̀rọ̀ yìí ló le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí o dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Padà sí ọwọ́ tí a wò lẹ́ẹ̀kan, Háàtì A K 9 7 4. Bí o bá fi 4 gé Sípéèdì kan, o kó ìkó kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 4 yẹn, bí tírọ́m̀pù àwọn yòókù bá tán, ó ṣì máa kó ìkó kan náà níkẹyìn. O kò jèrè nǹkan kan. Ńṣe lo dín iye tírọ́m̀pù rẹ kù sí mẹ́rin, agbára tí o fi ń darí eré sì ti dínkù.

Wá wo ẹni tó ní Háàtì 5 àti 2 péré. Bí ẹnikẹ́ni bá fa tírọ́m̀pù, ìyípo méjì, méjèèjì ti ṣègbé láì mú ohunkóhun wá. Ṣùgbọ́n bí Sípéèdì rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹnìkejì rẹ̀ fi Éèsì Sípéèdì ṣíwájú, tó sì tún já Sípéèdì kékeré tẹ̀ lé e, 2 yẹn ti kó ìkó kan tí kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Èrè gidi nìyẹn.

Láti inú èyí ni àwọn ìpinnu kéékèèké ti ń jáde. Bí káàdì ẹyọ kan bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí tírọ́m̀pù rẹ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò tóbi, o lè fi ẹyọ yẹn ṣíwájú, kí o máa retí kí ẹnìkejì rẹ dá irú rẹ̀ padà fún ọ láti gé. Bí tírọ́m̀pù rẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi ẹyọ náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ewu fífi ẹyọ ṣíwájú ni pé ó lè tú Kúíìnì tàbí Jáàkì ẹnìkejì rẹ síta kó sì pa á.

Bí ìwọ bá ni ẹni kejì tó máa já káàdì, tí o kò ní irú tí wọ́n fi ṣíwájú, tí kò sì dá ọ lójú bóyá ẹnìkejì rẹ lè kó o: bí tírọ́m̀pù rẹ kò bá ju mẹ́ta lọ, gé e. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, da káàdì tí kò wúlò nù, kí o jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ gbìyànjú.

Má sì gé ìkó tí ẹnìkejì rẹ ti ń kó lọ. Mo mọ̀ pé ó dàbí ohun tí kò yẹ kí a máa sọ, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù. Éèsì wà nílẹ̀, ti ẹnìkejì rẹ ni, àwọn alátakò ti tẹ̀ lé e. Ta lo ń bá jà? Ìgbà kan ṣoṣo tí ó tọ́ ni ìgbà tí o bá nílò àyè láti ṣíwájú ní kíákíá, bóyá kí o lè fa tírọ́m̀pù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Bí ó bá hàn pé ẹni tó máa já káàdì lẹ́yìn rẹ náà kò ní irú káàdì yẹn mọ́, má fi 2 gé. Fi èyí tí kò ní lè borí ní ìrọ̀rùn gé e.

Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń gé

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé o kò ní Dáyámọ́ńdì, ẹnìkejì rẹ kò sì ní Kílọ́bù. O já Kílọ́bù, ó gé e. Ó já Dáyámọ́ńdì, ìwọ náà gé e. Tírọ́m̀pù yín á máa kó ìkó ní ẹyọ-ẹyọ dípò kí méjì jọ bọ́ sínú ìkó kan. Kò sí ohun tó dùn ju èyí lọ nínú Whist, kò sì sí ohun tí àwọn alátakò kórìíra tó o. Ohun tí wọ́n máa ṣe nìyí bí wọ́n bá rí àyè: wọ́n á fi tírọ́m̀pù ṣíwájú, kí wọ́n lè kó méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ àwọn ló ń gé báyìí, ohun tí ìwọ náà gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn, kódà bí tírọ́m̀pù rẹ kò bá tóbi.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé, já Éèsì àti Kíńgì tí o ní nínú irú kẹta. Má fi wọ́n pa mọ́ de ìparí. Bí ẹ ṣe ń gé, àwọn alátakò á máa rí àyè da irú kẹta yẹn nù. Nígbà tí o bá fi máa padà dé ìdí Éèsì Sípéèdì rẹ, wọn kò ní ní Sípéèdì mọ́, wọ́n á fi tírọ́m̀pù tó kù lọ́wọ́ wọn gé e. Lẹ́yìn náà, fi àwọn kékeré gé ṣáájú, kí àwọn ńlá kẹ́yìn.

Bí àwọn alátakò ló bá ni tírọ́m̀pù

Ẹnì kan nínú wọn ti fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ku márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń dán. Má bẹ̀rù. Wá irú káàdì tí kò ní mọ́, kí o máa fi ṣíwájú. Bí ó bá gé, ó ku mẹ́rin. Tún fún un, ó ku mẹ́ta. Nígbà tí ó bá ku méjì, ó ṣeé ṣe kí ìwọ tàbí ẹnìkejì rẹ ti ní tírọ́m̀pù jù ú lọ, òun á sì wá di ẹni tí a ń darí. Bí kò bá gé, ìkó náà di tiyín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọgbọ́n eré yìí, nítorí ó ń fún ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára ní iṣẹ́ ṣe.

Ìkìlọ̀ kan: kí ó dá ọ lójú pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni kò ní irú káàdì náà. Bí méjèèjì kò bá ní in, ẹni tí tírọ́m̀pù rẹ̀ kéré á gé e, èkejì á da káàdì burúkú rẹ̀ nù. O ti fún wọn ní ẹ̀bùn méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n mìíràn ni fífi káàdì ńlá gé kí ti alátakò lè jáde. Ká sọ pé Éèsì tírọ́m̀pù ti lọ. Alátakò tó jókòó sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ ní Kíńgì àti 6, ẹnìkejì rẹ ní Kúíìnì àti 2, ìwọ ní Jáàkì àti 8. O já irú kan tí àwọn méjèèjì kò ní. Bí ẹnìkejì rẹ bá fi 2 gé, alátakò á fi 6 borí rẹ̀, Kíńgì rẹ̀ á sì tún kó tirẹ̀ lẹ́yìn náà: ìkó méjì. Bí ẹnìkejì rẹ bá fi Kúíìnì gé, Kíńgì nìkan ló lè borí rẹ̀. Nígbà tí Kíńgì bá ti jáde, 6 tó kù kò lè borí Jáàkì tàbí 8 rẹ. Ìkó kan péré ló rí gbà. Kúíìnì kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni ẹ jọ ń ná.

Sísọ̀rọ̀ fún ẹnìkejì rẹ láì lanu

Bí ẹnìkejì rẹ bá fi tírọ́m̀pù ṣíwájú, nígbà àkọ́kọ́ tí àyè bá kàn ọ́, dá tírọ́m̀pù padà fún un. Má ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí ohun kan lọ́wọ́ ara rẹ̀ tí ìwọ kò rí.

Àmì kan wà tí àwọn tó ń ta Whist ní London ti ń lò láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń pè ní Blue Peter, orúkọ àsíá tí ọkọ̀ ojú omi máa ń ta nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Lord Henry Bentinck ni wọ́n sọ pé ó mú un wá. Bí o bá fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ fi tírọ́m̀pù ṣíwájú, nínú irú káàdì kan tí o kò fi kó ìkó, já èyí tó tóbi ṣáájú, kí o tó já kékeré: 8 ní àkọ́kọ́, 3 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ tírọ́m̀pù á já 3 kó tó já 8. Kí gbogbo ẹni tó wà nídìí eré mọ̀ pé ẹ ń lò ó. Káàdì nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ṣíṣẹ́, ikọ́ húhú, títẹ ẹsẹ̀ ẹnìkejì mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìrẹ́jẹ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Bí ẹnìkejì rẹ bá jù ọ́ lọ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá àdúgbò, má bá a ṣe àríyànjiyàn láàrin eré. Nígbà tí ìkó kẹtàlá bá parí, tí ẹ ń da káàdì pọ̀, o lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo fi tírọ́m̀pù ṣíwájú, mo fẹ́ kí ẹ dá a padà fún mi ni." Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa gbà á bí a bá sọ ọ́ báyìí.

Ṣọ́ra fún gígé nígbà tí irú káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Nínú òfin àtijọ́, ìkó mẹ́ta ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá ṣe é níyà. To káàdì ọwọ́ rẹ ní irú-irú, pupa àti dúdú ní àtẹ̀léra, kí Háàtì má baà fara pamọ́ sínú Dáyámọ́ńdì, pàápàá lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ tó.

Tírọ́m̀pù tó kẹ́yìn

Bí tírọ́m̀pù kan péré bá kù níta, tó sì ju gbogbo tìrẹ lọ, má fà á. Ìkó kan ló máa kó bó ti wù kó rí. Bí o bá fi tìrẹ fà á, o ti sọ ọ̀kan nù. Máa já káàdì tó dára nínú irú tí o ní púpọ̀ jù, kí ó fi gé e nígbà tó bá wù ú. Tírọ́m̀pù tìrẹ á ṣì wà láti gba àyè padà. Bí ó bá kéré sí tìrẹ, ẹ̀wẹ̀, tí o sì ní Kílọ́bù tó dára tó ń dúró, fà á lójú ẹsẹ̀.

Bí irú káàdì kan bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, di tírọ́m̀pù kan mú títí àwọn ńlá tó wà lọ́nà á fi jáde. Nígbà tí àwọn alátakò bá gbà àyè, tírọ́m̀pù yẹn lo máa fi gé, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ìyókù ní ẹyọ-ẹyọ.

Bí o ṣe lè fi kọ́ra

Ra káàdì tó ní rọ́bà lára ní Ọjà Ọba, kì í ṣe èyí tó jẹ́ bébà lásán. Bébà máa ń tẹ̀, ẹni tó bá lójú á sì mọ Éèsì láti ẹ̀yìn. Pín ọwọ́ mẹ́rin, kí o ṣí gbogbo wọn sílẹ̀, kí o sì dá ta á ní ìwọ nìkan. Ta á ní ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú fífa tírọ́m̀pù. Tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, kí o tún ta á láì fà á, kí o sì ka ìkó méjèèjì wò. Lẹ́yìn náà, bo ọwọ́ mẹ́ta, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí o máa ṣí káàdì wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí o sì máa sọ iye tírọ́m̀pù tó kù níta sókè. Nígbà tí o bá lè sọ ọ́ láì ṣìnà bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, pe àwọn mẹ́ta jọ, kí ẹ sì pín káàdì.